Fèrèsé Tí Aagje Kọ̀ Láti Fọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Aagje Zonneveld jẹ́, fèrèsé rẹ̀ ni kó wò. Kì í ṣe bó ṣe rí báyìí o. Bó ṣe rí kó tó di àárín ọdún tó kọjá ni mò ń sọ. Òpópónà wa, Helmstraat, ló kángun sí àwọn òkìtì iyanrìn etí òkun. Ilé bíríkì tó fara kan ara wọn ló kún ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan sì ní fèrèsé ńlá kan tó dojú kọ títì. Kò sẹ́ni tó ń fa kọ́tìnì bò ó, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹni tó ń kọjá á rí àga rẹ, á rí òdòdó rẹ, á rí ohun tó wà nínú àwo rẹ. Bí o bá fa kọ́tìnì, àdúgbò á ní o ní nǹkan tí ò ń fi pamọ́. Nítorí náà gíláàsì gbọ́dọ̀ mọ́.

Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì, òjò ì báà máa rọ̀, Aagje á jáde pẹ̀lú garawa, búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn, àti awọ tó fi ń nu gíláàsì. Á fọ fèrèsé, á nu etí fèrèsé, á fọ ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà á fọ iwájú ilé títí dé ìlà tó pààlà láàárín òun àti Riekje Bakkum, aládùúgbò rẹ̀. Kò ní kọjá ìlà yẹn. Riekje náà kò ní kọjá rẹ̀.

"Omi ìdọ̀tí rẹ ti wọ orílẹ̀-èdè mi o," Riekje á sọ bí omi bá ṣàn kọjá.

"Gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀," Aagje á dá a lóhùn.

Lẹ́yìn òkìtì iyanrìn náà ni Ilé Irin, ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń yọ́ irin, wà. Ó ní orúkọ gígùn kan tó ń yí padà nígbàkúùgbà tí olówó mìíràn bá rà á, ṣùgbọ́n Ilé Irin la máa ń pè é. Wọ́n kó èédú àti òkúta irin jọ sí gbangba níbẹ̀, òkìtì tó ga ju ilé ìjọsìn wa lọ, láìsí òrùlé, láìsí ògiri. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti gúúsù, eruku rẹ̀ á wá bá wa: dúdú, tó ń dán yìnrìnyìnrìn bí ìpẹ́ ẹja. Á bà lé ewébẹ̀ inú ọgbà, á bà lé aṣọ tí a sá, á bà lé ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró Siem, ọkọ Aagje.

Siem ṣiṣẹ́ ní Ilé Irin láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì. Ikọ́ rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Helmstraat. Òun fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú nípa Ilé Irin. Ó ní sìgá ló fa ikọ́ náà.

"Sìgá wo?" Aagje á béèrè. "Èyí tí o mu nígbà tí o ń ṣe ṣọ́jà, kí n tó mọ̀ ọ́? Sìgá yẹn mà lágbára o. Kí ló dé tí wọn ò fi ìyẹn jagun?"

Ilé Irin kò fi ọ̀rọ̀ àyíká ṣeré, bí a bá ní ká gbọ́ tẹnu wọn. Wọ́n kun ọkọ̀ wọn ní àwọ̀ ewé. Wọ́n gbé ilé oyin sórí òrùlé ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìgò oyin kékeré nígbà Kérésìmesì. Oyin ní òrùlé. Òkìtì èédú kò ní. Nígbà tí eruku bá pọ̀ jù, wọ́n á fi káàdì ránṣẹ́ sí wa ká lọ fọ ọkọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ni o. Wọn kò bi wá léèrè ohun tó wà nínú àyà wa. Aagje kò ní ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan ó mú káàdì náà, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi ìfọkọ̀, ó sì tò sẹ́yìn àwọn ọkọ̀. Ẹni tó ń gba káàdì ní kẹ̀kẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Aagje ní, "Helmstraat lòun náà ń gbé."

Ohun kan ṣoṣo la ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n fi òrùlé bo òkìtì náà. Ọdún ń gorí ọdún, Ilé Irin ń sọ pé àwọn ń ronú lé e. Nígbà tó yá, ìjọba ìbílẹ̀ mú wọn fọwọ́ sí àdéhùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan yóò wá fi aṣọ funfun nu etí fèrèsé wa, yóò sì wọn eruku tó bá bá níbẹ̀. Bí ó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, dandan ni kí Ilé Irin kọ́ òrùlé. Bí kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Inú Aagje dùn lọ́jọ́ tí a gbọ́. Ó na ọwọ́ sí etí fèrèsé rẹ̀, ó fi ìka kan fa ìlà lórí rẹ̀, ó sì fi ìka dúdú náà han Siem.

"Wò ó," ló wí. "Eruku wọn fúnra rẹ̀ ló máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Èyí kò ní já wa kulẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa wá wọn eruku náà, obìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ilé Irin, ó ń kan ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Marloes Terwindt ló ń jẹ́, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mọ orúkọ gbogbo wa. Aagje bu kọfí fún un.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń bọ̀, Ìyáàfin Zonneveld," ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wàhálà kankan o. Bí ilé bá ṣe wà ni kó wà."

"Kò sí wàhálà."

"Olórí ìlú náà á bá wa wá. Àti ayafọ́tò." Ó wo yíká pálọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ilé yín mà dára o. Bóyá ibí yìí gan-an ni olórí ìlú á ti mu kọfí."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

A fọ fèrèsé ní Ọjọ́ Ẹtì bí a ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gúúsù tún kó eruku bò ó kí Ọjọ́ Àìkú tó parí. Ní Ọjọ́ Ajé, Aagje jí, ó sì rí Riekje lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì.

"Riekje, òní kì í ṣe Ọjọ́ Ẹtì."

"Mo mọ̀."

"Kí wá lò ń fọ̀?"

"Ẹnu ọ̀nà nìkan ni. Ṣé kí olórí ìlú wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀bùn ni mí?"

Aagje wo ẹnu ọ̀nà Riekje tó ń dán. Ó wo tirẹ̀. Ó wọlé lọ gbé garawa.

Siem gbọ́ ìró omi, ó yọrí síta. "Aagje! Eruku yẹn mà ni wọ́n ń bọ̀ wá wò!"

"Mi ò ní fọwọ́ kan etí fèrèsé. Gíláàsì nìkan ni."

Òótọ́ ló fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bó ti ń fọ gíláàsì, omi dúdú ń ṣàn sílẹ̀ sórí etí fèrèsé, ó ń fa ìlà-ìlà bí ojú ọmọ tó sunkún sùn. Eruku gbígbẹ, ìyẹn ṣe é fi sílẹ̀. A lè ní afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ìlà omi ìdọ̀tí? Èyí fi hàn pé obìnrin kan wà nínú ilé, ó sì fọ nǹkan, kò fọ̀ ọ́ mọ́. Aagje wò ó. Ó gbé awọ ìnugíláàsì, ó nù ún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sí ilé kan ní Helmstraat tí a kò fọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn gba àyè wálé láti wá fọ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọn eruku jẹ́ ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pannekeet. Ó fi aṣọ funfun rẹ̀ nu etí fèrèsé Aagje, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Aṣọ náà funfun bó ti wà. Ó wo Aagje, ó tún wo aṣọ náà. Ó ní, "Ó mọ́ o, Ìyáàfin."

"Ẹ ṣé," Aagje dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni ayafọ́tò tó tẹ̀ lé olórí ìlú wá mú.

Kò pẹ́ tí ìwé ọdọọdún Ilé Irin fi dé ilé gbogbo wa, ìwé tó nípọn, tó ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà pé À Ń Mí Pọ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni Aagje wà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ń kọ mọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé náà, wọ́n ní etí fèrèsé àwọn aládùúgbò wọn mọ́ tónítóní, nítorí náà òrùlé kò pọn dandan. Siem ló ka ibẹ̀ síta. Ikọ́ dá a dúró ní àárín gbólóhùn, ó ní láti jókòó kó tó lè parí rẹ̀. Aagje kò pariwo. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà mi nígbà tó jáde ní Ọjọ́ Ẹtì yẹn pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ó dúró síwájú fèrèsé, ó wò ó, ó sì da gbogbo omi náà sí gọ́tà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Marloes Terwindt gbé òdòdó wá. Aagje kò ní kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sọ ọ́, gbogbo wa sì gbọ́.

"Inú wa dùn gan-an, Ìyáàfin Zonneveld. Fọ́tò yín dára."

"Ẹ mọ̀ pé a máa fọ̀ ọ́."

"Ẹ dákun, kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ mọ̀ pé a máa fọ̀ ọ́."

"Ìyáàfin, mo sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe wàhálà. Ẹ rántí?"

"Mo rántí. Níbo ni wọ́n bí yín?"

"Zaandam."

"Ṣé ìyá yín máa ń fọ fèrèsé?"

Obìnrin náà yí òdòdó náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́jọ́ wo?"

Obìnrin náà wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ wo, mo bi yín?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Tí àlejò ńlá bá ń bọ̀ ńkọ́?"

Marloes Terwindt gbé òdòdó náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì lọ bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò puró. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú títí di òní. Gbólóhùn kan kò sí nínú gbogbo ohun tó sọ fún wa tí èèyàn lè gbé lọ sí kóòtù. Ó gbé ìwà rere wa, ó fi lù wá, ó sì tún gbé òdòdó lé e. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bá ń sọ pé àwọn mọ àwọn tí àwọn ń bá gbé, ẹ má ṣe jiyàn. Wọ́n mọ̀ wá.

Láti ọjọ́ náà, Aagje kò fọ fèrèsé mọ́. Ìyà ló fi jẹ ara rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn. Ní Ọjọ́ Ẹtì, á jókòó nínú pálọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún rẹ̀ kí wọ́n má baà dìde lọ gbé garawa. Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ gíláàsì náà. Àwọn tó ń kọjá á rọra rìn, wọ́n á wò, wọ́n á wo ara wọn. Riekje kò lè fara dà á. Mo rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń yọ́ kọjá ìlà ààlà wọn pẹ̀lú àkísà kékeré kan.

"Kọ́nà yẹn péré," ó ń bẹ̀ ẹ́. "Jẹ́ kí n nu kọ́nà yẹn péré, Aagje. Mi ò rí oorun sùn."

"Fọwọ́ kàn án, kí o rí bí n ó ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì yìí fọ ìwọ gan-an."

Ọjọ́ ìbí Siem bọ́ sí ìgbà náà. Bí a ti máa ń ṣe, wọ́n to àga roboto sí pálọ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé bọ gbogbo ẹni tó ti jókòó lọ́wọ́, ó sì kí wọn kú oríire, bí ẹni pé ọjọ́ kan náà la bí gbogbo wa. Kọfí wà, kéèkì sì wà, ègé kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n òkùnkùn díẹ̀ wà nínú yàrá náà lọ́sàn-án gangan, nítorí gíláàsì. Neeltje, ẹ̀gbọ́n Aagje tó wá láti Alkmaar, yọ áńkáṣíìfù, ó nu àga rẹ̀ kó tó jókòó.

"Àga kọ́ ló dọ̀tí," Aagje wí. "Fèrèsé ni."

"Mo ti rí i. Mo ti rí i láti ibi tí bọ́ọ̀sì ti já mi sílẹ̀. Bí Màmá bá wà láyé, ẹkún ni ìbá máa sun. Màmá fọ fèrèsé ní Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ikú rẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó fọ fèrèsé. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ńkọ́, ta ló bá a fọ ìyẹn?"

Ẹnìkan gé kéèkì rẹ̀ sí kékeré, ó tún un gé. Siem ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Siem tí kì í gbọ́ àbùkù Ilé Irin.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Neeltje. Èmi ni mo ní kó má fọ̀ ọ́."

Irọ́ ni. Aagje mọ̀, gbogbo wa mọ̀. Siem wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ìgbà tí mò ń fẹ̀yìntì, wọ́n gbé àwo irin kan fún mi tí wọ́n fín orúkọ mi sí. Ìdajì orúkọ náà ni wọ́n kọ dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé àṣìṣe ni." Ikọ́ sì gbé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí yẹn, Riekje gbé garawa tirẹ̀ wọlé. Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó gbé e wọlé. Ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, gbogbo Helmstraat ti dúdú, àwọn oníwèé ìròyìn sì wá ya fọ́tò wa bí ẹni pé ogun ló jà níbẹ̀. Ojú ti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò tún wá wọn eruku náà, ṣùgbọ́n àwọn kò ní sọ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àwa kò mọ ọjọ́ náà. Ilé Irin mọ̀ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé wọ àdúgbò wa. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àkàbà, rọ́bà omi àti búrọ́ọ̀ṣì gígùn, gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ sí lẹ́yìn pé Inú Wa Dùn Láti Bá Yín Gbé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun òpópónà, níbi tí àwọn onílé ti lọ síbi iṣẹ́. Marloes Terwindt wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Aagje, ó ti dúró síwájú fèrèsé rẹ̀ nínú aṣọ ilé, ó fi ẹ̀yìn ti gíláàsì, ó na apá méjèèjì.

"Màmá, omi lásán ni," ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà wí.

"Lọ fi fọ ẹnu ẹni tó rán ẹ."

"Ìyáàfin Zonneveld," Marloes wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ̀bùn ni. A ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ gbé ẹ̀bùn yín gorí òkìtì yẹn, kí ẹ fi bò ó."

"Ẹ ò ṣáà lè dúró síbẹ̀ títí di ọ̀sán."

"Ṣé ọ̀sán ni wọ́n ń bọ̀? Ẹ ṣeun. Ẹ̀ẹ̀kan péré rèé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ sọ ọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí. Siem jáde, ó ń wọ́ àga kan nínú àwọn àga ọjọ́ ìbí, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó jókòó, ó ń wúkọ́. Ó tún wọlé lọ gbé òmíràn fún ìyàwó rẹ̀. Riekje rí wọn, òun náà gbé àga síwájú fèrèsé tirẹ̀. Mo gbé tèmi. Gbogbo ẹni tó wà nílé gbé tiwọn. A jókòó báyìí, a dojú kọ títì, a kọ̀yìn sí ìdọ̀tí wa, Riekje sì ń pín kọfí. Ó tiẹ̀ kí ọ̀dọ́ onírọ́bà kú oríire.

Gíláàsì mẹ́ta péré ni wọ́n ti fọ̀ nígbà tí Pannekeet dé lọ́sàn-án, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó wo ọkọ̀ aláwọ̀ ewé. Ó wo Marloes Terwindt, ìyẹn ń wo fóònù rẹ̀. Ó tọ Aagje lọ, Aagje sì dìde fún un. Pannekeet fi aṣọ funfun nu etí fèrèsé náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Èédú kì bá dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó dọ̀tí o, Ìyáàfin," ó wí.

"Ẹ ṣé," Aagje dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti pàṣẹ fún Ilé Irin báyìí pé kó kọ́ òrùlé. Àwọn lọ́yà wọn ṣì ń fa ọjọ́ gùn. Nínú ìwé wọn tuntun, wọ́n kọ ọ́ pé ìfẹ́ àwọn aládùúgbò ló mú kí àwọn pinnu fúnra wọn láti bo òkìtì náà, wọ́n sì rán ayafọ́tò wá sọ́dọ̀ Aagje. Ó gbà kó yà á. Ó ní kó dúró síta ní títì, kí òun àti Siem jókòó sínú pálọ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń jókòó. Ọkùnrin náà yà wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì náà, ó tún yà wọ́n, ó ní òun kò rí ẹnìkan nínú ilé.

A kò rí fọ́tò náà nínú ìwé kankan. Òkìtì náà ṣì wà ní gbangba. Fèrèsé náà ṣì wà bó ṣe wà.